Àwòrán tí Wọ́n Yà Lẹ́yìn Iná Ìgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwòrán náà, nítorí àwọn ènìyàn ti purọ́ mọ́ ọn tó. Wọ́n ní òun ló pa igi òrí àwọn ìyá wa. Irọ́ ni. Àwòrán kì í wa katakátá. Àwòrán kì í buwọ́ lùwé. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì ń yí ayé po ní òkè réré, níbi tí ẹyẹ kankan kò lè dé. Ó wo Òkè-Ògùn bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọjá lórí wa, ó sì sọ ohun tó rí. Àwa tí a gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀ la lò ó nílòkulò. Mo mọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ ohun tí olúkúlùkù ṣe. Mo sì wà lára wọn.

Ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ àwọn ológun ni. Ariwo oúnjẹ ló kún orí rédíò nígbà náà: kí tọmọdé tàgbà padà sóko, kí ilẹ̀ kankan má ṣe wà lásán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti omi àti ojú ọjọ́, wọ́n sì gbà mí sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ya máàpù. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń tẹ̀wé, èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Èmi nìkan náà ni mo kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà. Àwọ̀ inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bí ojú ṣe mọ̀ ọ́n. Ewé tútù á pọ́n bí epo. Ilẹ̀ tó jó á dúdú. Ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí á rí bí eérú.

Òrí ni ìyá mi fi rán mi níwèé. Abúlé wa wà lójú ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Ìgbòho, igi òrí ló sì kún pápá ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbin igi òrí. Fúnra rẹ̀ ló ń hù. Nígbà tí ọkùnrin bá ń ṣán oko iṣu, á dá igi òrí àti igi irúgbá sí, á kọ ebè rẹ̀ yí wọn ká. Bí ilẹ̀ bá ṣá, tí ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, igi á ṣì wà níbẹ̀. Iṣu jẹ́ ti ọkùnrin. Èso òrí jẹ́ ti ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin abúlé wa mọ tirẹ̀: láti òkìtì ọ̀gán yìí dé ara àpáta yẹn. Nígbà òjò, wọ́n á jí lọ ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, wọn kì í já a lórí igi. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi pò ó títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì ti ń bọ̀, kí àwọn ọkùnrin tó finá sí ìgbẹ́, àwọn obìnrin á lọ ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan mọ́, kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní yunifásítì, olùkọ́ kan kọ́ wa pé igbó àdáyébá ni pápá bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀, mo sì fi gba máàkì. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú. Ọwọ́ ìyá mi kan ìdí gbogbo igi yẹn lọ́dọọdún. Bí kò bá sí ọkọ́ tó yẹ̀ fún un àti obìnrin tó ro ìdí rẹ̀, iná ìbá ti jó o nígbà tó ṣì kéré. Bí kò bá sì sí igi náà, èmi kì bá tí mọ A nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, síbẹ̀ kò dá wà. Ọmọ ènìyàn wà nínú ìgbé ayé igi yẹn bí oyin ṣe wà níbẹ̀, bí òjò ṣe wà níbẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ látilé ni mo fi sílẹ̀, tí mo gba èyí tí wọ́n kọ sójú pátákó.

Olùkọ́ mìíràn fi àwòrán kan hàn wá tí àwọn tó lọ sínú òṣùpá yà, tí ayé wa dá wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo lọ sílé fún họlidé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ń po òrí lọ́wọ́, òógùn ń kán sínú abọ́.

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti dé inú òṣùpá?"

"Mo ti gbọ́. Àlàájì ilé kejì ní irọ́ ni."

"Òótọ́ ni o."

"Kí ni wọ́n bá níbẹ̀?"

"Òkúta. Àti eruku."

"Kò sómi?"

"Kò sómi, kò sí koríko. Kò sí ohun kankan tó ń mí."

"Gbogbo wàhálà yẹn, òkúta ni wọ́n lọ kó wálé? Òkúta tó wà ní Ṣakí kò wá tó wọn ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ fún un pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú padà, tí wọ́n rí ilé ayé, tí ó rí rogodo, tí omi àti ìkùukùu bò ó, tí kò sí ohun alààyè mìíràn nítòsí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́.

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára kọjá ohun tí mo lè sọ, Ìyá."

"Owó wọn kò ṣòfò nígbà náà," ó wí, ó sì padà sídìí òrí rẹ̀.

Ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá mi gbé àwòrán tí mo ń sọ yìí sórí tábìlì mi, lọ́jọ́ Ajé kan. Ìjọba ń wá ilẹ̀ ńlá kan ní Òkè-Ògùn tí wọn yóò fi ẹ̀rọ gbin àgbàdo sí. Ó ní kí n wá ibi tó ṣófo, kí n fi lẹ́ẹ̀dì yí i po, kí n kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ń fẹ́ ẹ.

Mo wo etí àwòrán náà. Wọ́n kọ oṣù tí wọ́n yà á síbẹ̀: oṣù kìíní ọdún. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ ohun tí oṣù kìíní jẹ́. Ọyẹ́ ti mú, iná ìgbẹ́ ti kọjá, igi òrí ti wọ́wé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán náà rí. Etí odò nìkan ló pupa, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ìyókù dúdú, àwọn ibòmíràn sì rí bí eérú.

Mo tọ ọ̀gá mi lọ. "Sà, ó yẹ ká lọ fojú rí ibẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ya èyí. Tàbí ká béèrè fún ti ìgbà òjò."

"Mísì, ẹ̀rọ tí wọ́n ta sójú sánmà kó lè bá wa wo ilẹ̀, ìwọ tún fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó?"

"Ọkọ̀ ọ́fíìsì lè gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, sà."

"Ọkọ̀ ti lọ síbi òkú ìyá ọ̀gá àgbà. Jókòó kí o kà á. Ṣebí ohun tí o lọ kọ́ nìyẹn."

Àwọn tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ọ̀gá mi nìyẹn, mi ò ní bá a gbé e. Ṣùgbọ́n mo lè kọ̀. Mo lè kọ ọ́ pé kò dá mi lójú. Mo ti fi rúlà wọn ọ̀nà náà, mo mọ̀ pé ìrìn ẹsẹ̀ láti ilé wa débẹ̀ kò pé wákàtí méjì. Mo sọ fún ara mi pé òdìkejì àpáta ni òrí tiwa wà. N kò tún un wò. Inú mi ń dùn pé èmi nìkan ló lè ka ohun tí gbogbo ọkùnrin yàrá yẹn kò lè kà, ìdùnnú yẹn kò sì jẹ́ kí n fẹ́ sọ pé n kò mọ̀. Mo kọ ọ́ pé: Ilẹ̀ òfìfo. Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì lórí rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Ìwé jáde láti Ìbàdàn sí àwọn baálé tó ni ilẹ̀. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ẹ gbìn sórí ilẹ̀ yìí, ta ló sì gbìn ín? Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kà á fún wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n dáhùn bí olóòótọ́ pé àwọn kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Òótọ́ ni. Apá ibòmíràn ni iṣu ọdún yẹn wà, ilẹ̀ yẹn ń sinmi. Ta ló sì ń gbin òrí? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń ṣà níbẹ̀, wọn ìbá sọ. Bí wọ́n bá pe obìnrin kan ṣoṣo síbi ìpàdé náà, kì bá tí dúró de ìbéèrè. Wọn kò pe obìnrin kankan. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn baálé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn pé kí ló dé.

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n bi wá," ó wí. "Òrí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni."

Ilé ìdáná yẹn náà ló ń bọ́ ọ.

Òjò ọdún kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ nígbà tí awakọ̀ kan tó ń kó iṣu wá sí Ìbàdàn yà sí ọ́fíìsì wa. "Ìyá yín ní kí ẹ máa bọ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé katakátá ti wọ inú òrí."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo débẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Katakátá méjì ni. Àwọn igi òrí ti dùbúlẹ̀ lọ réré, gbòǹgbò wọn kọjú sókè, èso tí kò tíì gbó ṣì wà lórí wọn. Nínú èyí tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ìdajì ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn obìnrin tó ń ṣa òrí níbẹ̀ ti to ara wọn síwájú ẹ̀rọ, wọ́n fi gèlè di ìbàdí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ náà ń bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bá mi jà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ìwé nìyí lọ́wọ́ mi."

Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, tó sanra tó sì lẹ́nu, ló dá a lóhùn. "Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ìyá tirẹ̀ kì í jẹ òrí ni?"

"Màmá, mi ò mọ ìyá rẹ̀."

"Kì í fi para? Ara rẹ̀ á ti hun bí ẹja gbígbẹ!"

Nínú ìbànújẹ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ìyá mi ṣe yíjú tó rí mi, ojú rẹ̀ là. "Akọ̀wé mi ti dé. Gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o kà á sétí wa. Ká mọ ohun tí wọ́n sọ sí wa."

Mo gba ìwé. Ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni. N kò ṣe bí ẹni tí kò lè kà á. "Ilẹ̀ òfìfo," mo kà á lédè tí wọ́n gbọ́. "Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì lórí rẹ̀."

"Tún un kà," ìyá mi wí.

Mo tún un kà.

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo wo ìbuwọ́lùwé ara mi. "Ará ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ni."

Alábòójútó náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń gbọ́. "Àǹtí, ẹ gbọ́. Èmi náà rí i pé ibí yìí kò ṣófo, mi ò fọ́jú. Àmọ́ mi ò lè fi ẹnu àwọn ìyá dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Bí ẹni tó kọ èyí bá lè kọ ọ́ fún mi pé òun ṣe àṣìṣe, ì báà jẹ́ sórí ìwé ọmọ iléèwé, màá pa ẹ̀rọ yìí lónìí olónìí."

Báírò wà nínú báàgì mi. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì. Ohun tí mo nílò kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: èmi ni. Gbogbo àwọn obìnrin yẹn ń wò mí, ìyá mi dúró láàárín wọn bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí wá. Mo sọ pé, "Màá lọ bá a ní Ìbàdàn. Màá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi, àwọn yòókù ń ṣe àmín. N kò tíì gbé ẹrù tó wúwo tó àdúrà yẹn wọ mọ́tò rí.

Ọkọ̀ bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó dé Ìsẹ́yìn, a sùn síbẹ̀. Ní Ìbàdàn, mo kọ ìwé náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo tún ń dúró de òǹtẹ̀ ọ̀gá mi, bí ẹni pé òǹtẹ̀ ni ọkùnrin yẹn béèrè. Ọjọ́ karùn-ún ni mo padà débẹ̀. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí àpáta lọ́ọ̀ọ́kán, tí n kì í rí tẹ́lẹ̀ láti ibẹ̀. Igi kan kò dúró.

"Àǹtí, ẹ pẹ́," alábòójútó wí. Ó gba ìwé náà, ó fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wé ti àkọ́kọ́. "Ẹni náà kò lè wá fúnra rẹ̀?"

"Ó wá."

Ó wo ojú mi pẹ́. "Lọ́jọ́ yẹn náà, ó wà níbí?"

Ó ká ìwé náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjá sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní ìrun nígbà tí mo délé, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ìyá, èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí lo kọ?"

"Ìwé tí mo kà fún yín. Àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn iná ìgbẹ́ ni mo wò, tí mo ní ilẹ̀ òfìfo ni."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó kà á parí kó tó sọ̀rọ̀. "O mọ̀ nígbà tí mo ní kí o tún un kà?"

"Mo mọ̀."

"Kò sí báírò lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Ó wà, Ìyá."

"Ojú ló tì ọ́."

"Ojú ló tì mí."

"Àwọn àkọ́kọ́ yẹn, àìmọ̀ ló wó wọn, Ọlọ́run á fi jì ọ́. Ìdajì tó kù, ìtìjú rẹ ló wó o." Ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀. "Obìnrin mẹ́jọ ló ń ṣa òrí níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìwọ ni yóò lọ sọ fún wọn. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Mo lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan sunkún. Èyí àgbà nínú wọn ní òun ti gbọ́, kí n máa lọ. Obìnrin tó sanra yẹn rò pé mo ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá tìrẹ náà kúkú ń jẹ òrí." Kò tún fi àga lọ̀ mí mọ́ títí ó fi kú.

Àgbàdo ìjọba hù lọ́dún kan. Ọdún kejì, àgbàrá wọ́ ojú ilẹ̀ lọ sínú odò. Síbẹ̀ wọ́n ní àwọn fẹ́ ré odò kọjá, kí wọ́n tún ro òdìkejì, níbi tí òrí àwọn abúlé mìíràn wà. Ìgbà yẹn ni mo béèrè fún àwòrán tuntun. Mo bẹ̀bẹ̀ fún un, mo kọ ìwé lé ìwé, mo ní ti ìgbà òjò ni mo fẹ́. Nígbà tí ó dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Pápá wa pupa láti ìhà Kíṣí títí dé ìhà Ijió, ó tún kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè wa lọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ẹnubodè wà níbẹ̀. Láàárín pupa yẹn, ojú ihò kan là sílẹ̀ bí eérú, ó ní igun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á. Lẹ́ẹ̀dì mi ló fà á.

Àwọn ará ọ́fíìsì wa máa ń sọ pé aláìníṣẹ́ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sójú sánmà nígbà tí ebi ń pa ènìyàn nílẹ̀. Mo ti bá wọn jà lórí rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Níbo la tún ti lè dúró kí a rí ọgbẹ́ tí a dá sí ayé lára, bí ó ti tóbi tó, láìsí ìjòyè tàbí ọ̀gá kankan tó lè ní kò rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí ń dùn mí ni pé ojú wa ti dé òkè ọ̀run, ẹsẹ̀ wa kò sì lè rìn dé ìdí igi láti lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ro ó.

Mo gbé àwòrán náà lọ sílé. Mo fi han àwọn obìnrin náà, mo ṣàlàyé pé ibi tó pupa ló ń mí. Wọ́n fi ìka tọ etí ihò náà yíká. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, mo kọ gbogbo ohun tí olúkúlùkù ṣe sínú rẹ̀, mo kọ tèmi ṣáájú. Ìwé yẹn àti àwòrán yẹn ni wọ́n fi dá iṣẹ́ òdìkejì odò dúró nígbẹ̀yìn. Kò dá igi kan padà. Òrí tó bá hù lónìí á tó ogún ọdún kó tó so, ìyá mi sì ti dàgbà.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé ẹ̀sùn náà wá, àwọn obìnrin náà fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Mo wá yọ báírò mi láti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ bíi tiwa."

Mo ti ìka bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó, ó ní kí n lọ fọwọ́ kí n wá jẹun. Mo jókòó ti ọbẹ̀ náà. Epo pupa tí wọ́n rà lọ́jà ni wọ́n fi sè é, kì í ṣe òrí mọ́.